Àwo Tí Wọn Kò Gbọdọ̀ Tà

Òórùn páálí tó ti gbó àti ọ̀rinrin ọ̀sà ni yàrá mi ní Koumassi, àdúgbò kan létí ọ̀sà nílẹ̀ àwọn elédè Faransé, máa ń ní nígbà náà. Aṣọ ni mo ń rán, ṣùgbọ́n àwo orin ni mo ń kó jọ, pàápàá irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwo ń fún ilé rédíò lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, nígbà tí ojú irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ṣì mú, ohùn rẹ̀ sì máa ń mọ́ débi pé wàá gbọ́ bí olórin ṣe ń mí sínú kó tó lanu. Wọ́n á lu òǹtẹ̀ Faransé sí i lára pé wọn kò gbọdọ̀ tà á. Síbẹ̀, ó ń dé ọjà àlòkù, ibẹ̀ ni mo ti ń rà á. Bí mo bá gbọ́ ọ tán, mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ àlébù rẹ̀ sẹ́yìn páálí, ní Faransé mi tí kò gún régé.

Ní 2011, nígbà tí ìjà ìbò di ogun, tí ìbọn ń dún nígboro, tí wọ́n sì ti fọ́ ilé rédíò, mo di mẹ́rìndínlógún nínú wọn sínú àpò, mo wọ wôrô-wôrô, takisí àjùmọ̀wọ̀, kí n lè fi wọ́n pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Bingerville. Ìrẹsì ni ẹlòmíì ń gbé sá. Àwo ni èmi ń gbé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan dínà, wọ́n dá wa dúró. Ọ̀kan tó gbé ìbọn kọ́rùn tú àpò mi, ó ka òǹtẹ̀ náà.

"Vieux père, bàbá, wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ tà á. Báwo ló ṣe wá di tiyín? Ilé rédíò tí wọ́n fọ́ lẹ ti jí i."

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi olè ṣe lọ́sẹ̀ náà.

Ìyá àgbàlagbà kan tá a jọ wọkọ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tí ìdílé rẹ̀ ti Bẹ̀nẹ̀ wá, tó sì ti gbọ́ lẹ́nu mi lọ́nà pé mo máa ń kọ nǹkan sẹ́yìn páálí, yọjú láti inú takisí. "Ọmọ mi, yí páálí yẹn sẹ́yìn, kà á fún mi. Mi ò mú awò ojú mi wá."

Ọ̀dọ́kùnrin náà kà á sókè: "Orin kejì ń ta bí àgbàdo nínú iná." Ó mú òmíràn: "Ẹ̀gbẹ́ kejì dà bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá náà ní, "Olè wo ló ń jókòó kọ àlébù ẹrù tó jí?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà wò mí títí. "Èwo ni kò ní àlébù?"

Mo fi hàn án. Ó mú ìyẹn fún ara rẹ̀, ó ní kí n padà sínú ọkọ̀. Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú mi, mi ò sì rántí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ṣì ń ra àwo. Ṣùgbọ́n títí dòní, mi ò lè gbé ohunkóhun jáde nílé tí mi ò bá lè fi gbólóhùn kan ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó gbé ìbọn. Ìyàwó mi ní ẹ̀rù lásán ni. Ẹ̀rù ni lóòótọ́. Kì í kàn ṣe ẹ̀rù lásán.