Àwọn Aràrá Lórí Afárá

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé, n kò pẹ́ nílé ìwé. Tíṣà obìnrin kan ládùúgbò wa ń ka ìtàn ogun sókè bí mo ṣe ń di irun wọn ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Bódìjà. Àwọn òmìrán àti iwin ti ká àwọn aràrá mọ́ orí afárá.

“Ẹ̀yin kúkurú, ẹ sá!” ni ọ̀gá mi pariwo.

“Kúkurú ò ń ṣojo, Àǹtí!” ni oníbàárà kan dá wọn lóhùn.

Ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Ti àwọn aràrá ni mo gbà, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti sọ̀rọ̀. Mo wá ń la irun náà wẹ́wẹ́ kí ó má tètè tán. Síbẹ̀, ó tán kí ogun tó parí. Tíṣà pa ìwé dé, wọ́n lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yọ́ lọ sílé wọn, mo kan ilẹ̀kùn, mo sì tọrọ ìwé náà.