Èdè Tí Nikolasa Fi Du Ọmọ Rẹ̀

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Nikolasa nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn. Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà. Ó nawọ́ títí, olùkọ́ kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó sì wò ó, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń tọrọ àyè ti fò lọ lórí ọmọ. Ló bá fi èdè Chamorro, èdè tí wọ́n fi kí i káàbọ̀ sáyé, sọ ohun tó ń ṣe é. Gbogbo kíláàsì yíjú sí i.

Misis Eustakia, olùkọ́ náà, kì í ṣe òyìnbó o. Ọmọ abúlé wọn ni, ẹbí ìyá Nikolasa ni, kò sì sí ọjọ́ Ìsinmi tí Nikolasa kì í jẹun nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń ṣe àkóso Guam nígbà náà, ọ̀rọ̀ wọn sì ni pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa sọ lọ́gbà ilé ìwé. Eustakia fi ẹfun kọ nǹkan sára pátákó pẹlẹbẹ kan, ó sì fi okùn so ó mọ́ ọmọ náà lọ́rùn. Kó tó so ó tán, ìtọ̀ ti ṣàn dé ọrùn ẹsẹ̀ Nikolasa.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ẹni tí pátákó bá wà lọ́rùn rẹ̀ yóò máa dẹtí kiri. Tó bá gbọ́ ẹlòmíràn tó sọ Chamorro, yóò bọ́ ọ fún onítọ̀hún. Ẹni tí aago ìparí iṣẹ́ bá bá a lọ́rùn rẹ̀ ló máa jẹ pankẹ́rẹ́. Gbogbo ọmọ ń sá fún Nikolasa bí ẹni ń sá fún alárùn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sá. Hilario àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, wá jókòó tì í lábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù, ó gé kókò sísè ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó fún un ní èyí tó tóbi. Nikolasa gbà á, ó jẹ ẹ́ tán. Ó wo oòrùn, ó rí i pé aago máa tó lù. Ló bá gbé gìgísẹ̀ sókè, ó fi tẹ ọmọ náà níka ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kíkan kíkan.

"Yéè! Nåna o!" Hilario ké. Ìyá rẹ̀ ló ń ké pè.

Chamorro ló sọ yẹn. Nikolasa bọ́ pátákó lọ́rùn ara rẹ̀, ó gbé e kọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́rùn.

Pankẹ́rẹ́ mẹ́fà ni Hilario jẹ. Nígbà tí wọ́n délé, tí ìyá wọn ń fi òróró àgbọn pa á nídìí, ó bi í léèrè pé ta ló fà á, ọmọ náà ní òun kò mọ̀. Àmọ́ kò padà sí ilé ìwé mọ́. Wọ́n nà án, wọ́n bẹ̀ ẹ́, orí àpáta inú òkun ló máa ń wà láàárọ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń pa ẹja. Nikolasa ní tirẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń gbẹ̀san. Ogun dé, àwọn ará Japan gba erékùṣù náà, àwọn ará Amẹ́ríkà sì tún gbà á padà. Nígbà tí ilẹ̀ fi rọ̀, Nikolasa ti ń jókòó nídìí tábìlì nílé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun, ó ń kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀, nígbà tí Hilario ń ru òkúta lójú títì tí wọ́n ń là. Nikolasa a máa rí i lójú fèrèsé nígbà mìíràn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Wò ó. Ohun tí èdè máa ń ṣe fún èèyàn nìyẹn."

Gregorio Taimanglo ló fẹ́, ọkùnrin tó ń ju àwọ̀n ní etíkun. Bí Gregorio bá bọ́ sí àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé ẹmu àgbọn kalẹ̀, ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ ní láti dá a dúró, kí oúnjẹ má bàa há a lọ́rùn níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí kò lè sín jẹ ní gbogbo abúlé, látorí Fádà dórí ewúrẹ́ Fádà. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi dá òun àti aya rẹ̀ lọ́lá. Wọ́n sọ ọ́ ní Anselmo. Ọmọ náà kò tíì pé ogójì ọjọ́ nígbà tí Nikolasa pe ọkọ rẹ̀ jókòó.

"Bàbá Anselmo, láti òní lọ, Gẹ̀ẹ́sì nìkan la ó máa sọ sí ọmọ yìí."

Gregorio bú sẹ́rìn-ín. "Gẹ̀ẹ́sì wo? Ṣé 'yẹ́ẹ̀sì', 'nóò', àti 'fíìṣì' tí mo mọ̀ yẹn?"

"Ìyẹn náà tó. Ibi tí kò bá dé, kí o dákẹ́ síbẹ̀."

"Ìyá Anselmo, kí ni màá wá máa bá ọmọ mi sọ? Ẹja nìkan?"

"Èmi ò ní jókòó kí wọ́n wá na ọmọ mi nítorí ẹnu rẹ."

Gregorio rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Bó bá ti fi Chamorro la ẹnu nídìí oúnjẹ, Nikolasa á dìde, á gbé ọmọ, á kó abọ́ tiwọn, á fi Gregorio àti obẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ràn aya rẹ̀, kò sì fẹ́ ìjà. Díẹ̀díẹ̀, ó dákẹ́. Ẹni tó ń pa gbogbo etíkun lẹ́rìn-ín á wọlé nírọ̀lẹ́, á fọwọ́ pa ọmọ lórí, á ní "Gúùdù bọ́ì", ó parí. Anselmo dàgbà, "Mọ́mì" àti "Dádì" ló ń pè wọ́n. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́wàá, Nikolasa gbọ́ tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé pé, "Dádì mi? Kì í sọ̀rọ̀. Mo rò pé orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pé." Inú rẹ̀ kò dùn sí i, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ fi sọ ọ́ dán, kò ní àbàwọ́n kankan, ìyẹn ló gbé lọ́kàn wọlé.

Hilario nìkan ló bá a wí. Níbi àjọ̀dún ẹni mímọ́ abúlé ni, ó ń fi òkè ọwọ́ nu ata lẹ́nu.

"Nikolasa, o ti gbé pátákó kọ́ ọkọ rẹ lọ́rùn."

Láti ọjọ́ yẹn títí tí ọdún fi yípo, Nikolasa kò bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń fẹ́ sì ṣẹ. Anselmo gba ìwé ẹ̀rí lórí ìwé ẹ̀rí, ó kọjá sí San Diego ní Amẹ́ríkà, ó di ẹnjiníà, ó fẹ́ ọmọ ibẹ̀, ó bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Kendra. Nikolasa kọ́ fọ́tò wọn sára ògiri, àlejò kì í wọlé kó má fi wọ́n hàn án.

Lọ́dún tí Gregorio pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún kú. Àwọn dókítà ní irú àrùn bẹ́ẹ̀ a máa gbá ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi àgbà kọ́ lọ nígbà mìíràn, kó fi ti ìgbà èwe sílẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ pòórá pátápátá. Anselmo fò wálé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, Nikolasa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti pe Fádà kó wá fi òróró mímọ́ pa aláìsàn, ó fi bàbá àti ọmọ sílẹ̀. Nígbà tó padà, Gregorio ti sùn. Anselmo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mọ́mì, Dádì bá mi sọ̀rọ̀."

"Kí ló sọ?"

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sọ ọ́, ó ń sọ ọ́, kò dákẹ́ fún bíi wákàtí kan. Mi ò gbọ́rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dáyé."

"Èwo lo wá gbọ́ níbẹ̀?"

"Ọ̀kan tó ń pè léraléra. Lagu. Ó ń jọ lagu."

Nikolasa fìdí lélẹ̀. Bí ìgbà tí àlejò bá gbọ́ "ọkọ" lẹ́nu àwa náà ni, tí kò mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, tàbí ọkọ̀ tó ń lọ lójú omi. Omijé ń jọ bẹ́ẹ̀ lédè wọn. Ọ̀nà òkun ń jọ bẹ́ẹ̀. Oríṣi àwọ̀n kan ń jọ bẹ́ẹ̀.

"Tún un pè fún mi. Báwo ló ṣe parí ẹ̀? Ṣé ó gé e ní ọ̀fun ni àbí ó fà á?"

Anselmo pè é. Ó tún pè é, ó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún yàtọ̀.

"Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́?"

"Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún sunkún."

Wọ́n jókòó ti aláìsàn bóyá yóò tún un sọ. Gregorio kò la ẹnu mọ́. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ló kú.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n kọ́ ìletò àtijọ́ kan sétí omi, tòun ti ilé tí wọ́n fi imọ̀ àgbọn bò, kí àwọn àlejò tó ń ti òkè òkun wá lè rí bí àwọn baba ńlá ṣe gbé ayé. Marikita, ọ̀dọ́bìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀, ń wá àwọn àgbà tí ẹnu wọn ṣì mọ́ lórí èdè. Ó wá bá Nikolasa, ó tẹ̀ ba, ó gbé ọwọ́ ìyá náà sí imú bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ṣe máa ń kí àgbà, ó pè é ní Tan, oyè àpọ́nlé fún ìyá àgbà.

"Tan Nikolasa, ẹ wá bá wa hun ẹní, kí ẹ sì máa kọ́ àwọn àlejò lọ́rọ̀ kan méjì. Ẹ gbà fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbà. Kí ló kù nínú ilé? Ó ń jókòó nínú ilé kejì lápá òsì, ó ń hun ẹní, ó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti dè mọ́lẹ̀ fún ogójì ọdún wá ń rọ́ jáde. Àwọn ará Japan, àwọn ará Korea, àwọn arúgbó tó bá ọkọ̀ ojú omi wá, gbogbo wọn ń tún un pè lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tọ́ wọn sọ́nà, ó ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ tó Tan Nikolasa.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kékeré kan láti Japan wà níwájú rẹ̀. Nikolasa ń kọ́ ọ ní "tåta", ìyẹn bàbá. Ahọ́n ọmọ náà ń yọ̀. Nikolasa gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó fi ẹnu ara rẹ̀ hàn án, wọ́n pè é ní ìgbà márùn-ún. Nígbà tí ọmọ náà mú un, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ibi tí Nikolasa ti ń rẹ́rìn-ín ló ti gbójú sókè, tó rí Anselmo lẹ́yìn àwọn èrò, ìyàwó rẹ̀ àti Kendra lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ fi àwàdà yọ sí i lójijì.

"Anselmo! Ìgbà wo lẹ dé?"

Àwọn àlejò ti ń jáde. Anselmo kò rìn sún mọ́ ọn.

"Ìgbà márùn-ún, Mọ́mì. Ìgbà márùn-ún lẹ pè é fún ọmọ ọlọ́mọ."

"Kò tètè mú un ni."

"Èmi ńkọ́? Ìgbà mélòó lẹ pè é fún èmi?"

Nikolasa wo ẹní ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n nà ọ́ ni. O ò mọ ohun tí ojú wa rí nílé ìwé."

"Kò sí ẹni tó nà mí nílé ìwé. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Dádì ni wọ́n ti nà mí."

Ibẹ̀ ni Marikita ti yọrí lẹ́nu ọ̀nà. "Tan Nikolasa, àwọn mìíràn ti dé o! Ogójì ni wọ́n!"

Àwọn èèyàn rọ́ wọlé. Nikolasa ìbá ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Ìbá dìde. Ojú wọn ló kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ojú tó ń dúró de ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rín ti dé ojú rẹ̀ kó tó mọ̀, ó ti ń kí wọn káàbọ̀ ní Chamorro, wọ́n sì ń dáhùn. Nígbà tó fi wo ibi tí ọmọ rẹ̀ dúró sí, kò sí èèyàn níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n wá jẹun lẹ́ẹ̀kan. Nikolasa se ìrẹsì pupa, ó din ẹja, ó gún ata sí ọtí kíkan. Anselmo ń bọ̀wọ̀ fún un bí ẹni ń bọ̀wọ̀ fún ìyá ẹlòmíràn. Kendra ló sún mọ́ ọn, ó ní, "Grándímà, ẹ kọ́ mi ní ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ yín."

Nikolasa la ẹnu. Anselmo ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ.

"Má dà wọ́n láàmú, Kendra. Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Wọ́n ń sinmi lónìí."

Nikolasa dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́.

Láti ìgbà náà, bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, Nikolasa á pe San Diego lórí fóònù, á sì bẹ̀rẹ̀ ní Chamorro.

"Mọ́mì, mi ò gbọ́ o."

"Mo mọ̀. Ṣáà máa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Anselmo fi fara dà á. Lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé fóònù, á ní Anselmo kò sí nílé.

Nígbà tí orúnkún Nikolasa kò gbé e dé ìletò mọ́, Marikita wá bá a nílé, ó gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè máa gbé e sí i fún àwọn àlejò. Nikolasa ní kí ó fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kan sílẹ̀ fún òun. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, òun nìkan, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Àwàdà Gregorio tó rántí ló sọ, bó ṣe máa ń sín Fádà jẹ, bó ṣe fi àwọ̀n mú ajá. Ó sọ ọ́ ní Chamorro, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó dì í nínú aṣọ, ó fi ránṣẹ́.

Oṣù kan kọjá kó tó bá Anselmo lórí fóònù.

"Ṣé ohun tí mo fi ránṣẹ́ dé?"

"Ó ti dé, Mọ́mì. Ẹ ṣeun."

"Ṣé o ti gbọ́ ọ?"

"Kò sí ẹ̀rọ tó ń lu kásẹ́ẹ̀tì nílé wa mọ́."

"Ó dáa," Nikolasa wí. Ó bi í léèrè bí Kendra ṣe ń ṣe nílé ìwé. Anselmo ní ó ń ṣe dáadáa, ó ti ń kọ́ èdè Faransé.