Ọ̀sẹ̀ Kan Tí A Fún Ìyá Ẹlẹ́kù

Ojú mi ló ṣe. Kí ẹnikẹ́ni tí wọn kò tíì bí nígbà náà, tàbí tó wà ní Èkó tó ń jẹ búrẹ́dì, má ṣe wá sọ fún yín pé báyìí kọ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà, mo wà níbẹ̀ nígbà tí Ọlọ́jà sọ̀rọ̀, èmi gan-an ni mo sì gbé àáké. Ìwé tí mo kà kò ju kíláàsì kejì lọ, ṣùgbọ́n irú orí tí Ọlọ́run fún mi, ọ̀pọ̀ tíṣà ni kò ní i. Bí mo bá rí nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé nìyẹn.

Ogun Bíáfúrà kò tíì parí tipẹ́. Láti abúlé wa dé Òde-Ayé kò ju ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n mọ́tò kò lè dé ọ̀dọ̀ wa. Orí la fi ń ru epo, orí la fi ń ru gbágùúdá, ẹ̀yìn la sì fi ń pọn aláìsàn. Nítorí náà, nígbà tí káńsù kọ̀wé pé àwọn yóò rán katakata wá la ọ̀nà fún wa, inú gbogbo abúlé dùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sáyọ̀, nítorí pé èmi ni olórí àwọn tó ń ro ọ̀nà. Mi ò tíì pé ogójì ọdún, síbẹ̀ wọ́n fún mi ní àpótí ìjókòó láàárín ìgbìmọ̀ abúlé, èmi àti àwọn tó lè bí mi. Ẹ lọ wádìí bóyá wọ́n tún ṣe é fún ẹlòmíràn.

Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé Ọlọ́jà ni a ti ń ṣe ìpàdé. Ọlọ́jà ni àwa Ìkálẹ̀ ń pe olórí abúlé. Àgbàlagbà ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀, kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Wòlíì ìjọ Aládùúrà wa ni akọ̀wé, nítorí pé òun nìkan ló lè ka lẹ́tà káńsù láìdúró ní àárín ọ̀nà láti nu ojú. Ẹni tó bá sì fẹ́ lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ kí ó gbọ́. A kì í lé ènìyàn.

Ọjọ́ Ajé ni, ó sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà wa. Nígbà tí àwọn ènìyàn ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, Wòlíì dìde, ó ka lẹ́tà náà. Ó ní katakata yóò dé ní ọ̀sẹ̀ méjì sí òní. Ó ní kí abúlé ṣán ọ̀nà, kí á gé igi, kí á kó gbogbo ohun tó bá wà lójú ọ̀nà kúrò. Bí katakata bá dé tí ọ̀nà kò bá mọ́, abúlé mìíràn ni yóò gbà lọ.

Nígbà tí ó ka “ohun tó bá wà lójú ọ̀nà,” gbogbo wa yí ojú sí Ìyá Ẹlẹ́kù.

Ẹkù ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa. Ti ìyá yìí ni ó tóbi jù ní àgbègbè wa, àárín gbùngbùn ibi tí ọ̀nà máa gbà ló sì wà. Opó àbúrò bàbá mi ni. Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n gbé e wọlé láti Àyèká, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní ọkọ mi kékeré, bí mo ti ga tó yìí.

Ó kúnlẹ̀. “Ọlọ́jà, ẹ ó pẹ́ fún wa. Mi ò ní kí ọ̀nà má kọjá o. Èmi tí ọrùn mi ti wọnú lábẹ́ ẹrù epo, ṣé èmi ni n óò sọ pé mi ò fẹ́ mọ́tò? Ṣùgbọ́n ẹyìn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lábẹ́ ewé ni, kò tíì rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́, kí n kó epo rẹ̀. Páànù ni mo fẹ́ fi rà kí òjò tó dé. Ẹ̀yin náà ti wọ ilé mi rí. Bí òjò bá ń rọ̀ níta, ó ń rọ̀ ní yàrá mi.”

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń dá ẹmu dúró lẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ní, “Ti yàrá yẹn tilẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó dá!”

A rẹ́rìn-ín. Ìyá yí ọrùn padà. “Ìwọ tí o ti ń ṣèlérí láti ọdún kẹta pé o máa bá mi pààrọ̀ ewé orí ilé, ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín? Ẹmu ló ń rín ẹ̀rín yẹn.”

Ẹ̀rín náà yí padà sórí adẹ́mu. Ọlọ́jà gbé ọwọ́ sókè, ibẹ̀ dákẹ́.

“Kí ni a máa fún ọ?”

“Ọ̀sẹ̀ kan péré, Ọlọ́jà.”

“A fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, ti àwọn tó ń ṣánko ni.” Ó wò mí. “O gbọ́?”

“Mo gbọ́, Ọlọ́jà.”

Wòlíì kọ ọ́ sínú ìwé. Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì ó lọ sí Àyèká láti lọ gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ti kà á, nítorí pé wọ́n ṣì ń bú mi lórí ọ̀rọ̀ yìí títí di òní. Bí àwọn baba wa ti ń ka ọjà ni mo ṣe ka tèmi. Ọjọ́ tí a ná ọjà ni ọjọ́ kìíní, ọjọ́ tí a tún máa ná an ni ìkarùn-ún. Láti ọjà dé ọjà, ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìsán, tí í ṣe ọjọ́ kẹsàn-án. Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n “Sọ́ńdè” ni mo ń pe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀, ti ọjà ni. Ohun tí Ọlọ́jà náà mọ̀ nìyẹn. Mo kó ekùrọ́ márùn-ún sínú igbá, mo mú ọ̀kan kúrò lọ́jọ́ Ajé náà, mo sì ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó ń ka ọjọ́ bí èmi. Ọjọ́ Ẹtì, ekùrọ́ tán.

A jẹ́ méjìlá tí a jáde ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí oòrùn fi gun àtàrí a ti ṣán ọ̀nà dé ẹkù. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Òkìtì ẹyìn mẹ́fà wà nílẹ̀, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò wọ́n. Ìkòkò ńlá méjì wà lórí ààrò. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọkọ̀ ojú omi gidi, tí ọkọ ìyá rà lọ́wọ́ ọkùnrin Àpọ́ì kan, ará etídò, nígbà tó ti gbó jù fún odò. Inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń da ẹyìn tí wọ́n bá ti sè sí, tí àwọn obìnrin á bọ́ sínú rẹ̀, tí wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Epo ti mu igi rẹ̀ débi tó fi ń dán.

Adẹ́mu ṣí ewé lórí òkìtì kan. “Ẹ̀gbọ́n, ẹyìn yìí mà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni o. Ṣé ìyá yìí mọ̀ pé a ń bọ̀ lónìí?”

“Ta ló jókòó ní ìgbìmọ̀, èmi tàbí ìwọ?”

“Ìwọ lo jókòó. Èmi dúró. Ṣùgbọ́n etí mi náà wà níbẹ̀.”

“Akèrègbè ẹmu ni kí o máa kà. Fi ọjọ́ sílẹ̀ fún mi.”

Ohun tí mo rò ni pé ìyá ti kó èyí tó lè kó, ó ti fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé nǹkan òun ṣì wúlò, ṣé yóò kúrò nídìí rẹ̀? Mo bọ́ ẹ̀wù. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gbé àáké sókè, ọkọ̀ náà là sí méjì. Igi líle ni o. Àwọn tó wà níbẹ̀ pariwo orúkọ mi. A gé igi ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ṣubú lu ìkòkò méjèèjì, wọ́n fọ́. A wọ́ ẹyìn sínú kòtò tí wọ́n ti ń fọ epo, a kó erùpẹ̀ lé e, a fi ẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ náà tẹ́jú. Mo dúró, mo ń wò ó, inú mi dùn.

Ọ̀sán ń rọ̀ nígbà tí a gbọ́ orin ìsìn lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá Ẹlẹ́kù ló ń bọ̀, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì tí ó lọ pè ní Ìrẹ̀lẹ̀, pé kí wọ́n wá bá òun tẹ ẹyìn. Wọ́n ru garawa òfìfo. Orin náà dé ìdajì, ó dúró.

Kò pariwo. Ó sọ garawa kalẹ̀, ó jókòó sórí ìlàjì ọkọ̀.

“Ọkọ mi kékeré, ta ló kú?”

“Kò sí ẹni tó kú, Ìyá.”

“Ta wá ni ẹ fi erùpẹ̀ bò báyìí?”

“Ọ̀sẹ̀ kan tí Ọlọ́jà fún yín ti pé.”

Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó ń ká ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Ajé. Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀. Ẹtì.” Ó gbé ẹ̀ṣẹ́ tó dì náà sí mi lójú. “Ọwọ́ kan ṣoṣo rèé. Ọ̀sẹ̀ tí Ọlọ́run fi dá ayé, ṣé ọwọ́ kan ni?”

Mo fi ìka tèmi kà á. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé òun ka tirẹ̀ láti Ajé dé Ajé. Adẹ́mu bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ti wí i tẹ́lẹ̀, mo ní tí ó bá tún sọ̀rọ̀ n óò fi í kún kòtò.

A mú ọkọ́, a hú kòtò náà padà. Àwọn àbúrò ìyá bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú wa. Ṣùgbọ́n ẹyìn tó rọ̀, tí ọkùnrin méjìlá ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, kò sí epo tó lè jáde níbẹ̀ tí ènìyàn lè rà. Ìyá bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, ó dà á nù.

Ọ̀sẹ̀ méjì ti káńsù, bí èmi àti Ọlọ́jà ti kà á, pé ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo abúlé wọ aṣọ tó dára, a so ewúrẹ́ kan mọ́lẹ̀ fún awakọ̀ katakata, adẹ́mu gbé akèrègbè mẹ́rin wá. A jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó gba ọ̀nà náà wọlé ni Wòlíì, tó ń ti ibi ààwẹ̀ bọ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀.

“Ẹ kú ìjókòó o. Ta lẹ ń retí?”

“Katakata,” ni mo wí.

“Katakata tó ń bọ̀ ní Ajé tó ń bọ̀?”

Gbogbo wa wo Ọlọ́jà. Ewúrẹ́ ké. Ọlọ́jà ní, “Ọ̀sẹ̀ àwọn baba mi ni mo wí.”

Wòlíì dọ̀bálẹ̀ kí ó tó dáhùn. “Ọlọ́jà, káńsù kì í ná ọjà wa.”

Níbẹ̀ náà ni ìgbìmọ̀ jókòó. Ọlọ́jà kò wá àwíjàre. Ó ní ẹnu òun ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde láìṣe kedere, pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ọ̀sẹ̀ ní ìpàdé mọ́: kí ó dárúkọ ọjọ́, kí ẹni tí a sọ ọ́ fún fi ìka kà á padà. Òfin náà ṣì wà ní abúlé wa. Mo dìde, mo ní ọwọ́ tó fọ́ ọkọ̀ ni yóò gbẹ́ òmíràn. Ìyá Ẹlẹ́kù jókòó lápá kan. Ó ní, “Ó dáa. Ẹ bá mi bẹ òjò náà, kí ó dúró dè é.”

Òjò kò dúró. Katakata dé ní ọjọ́ Ajé, bí Wòlíì ti wí. Ó kọjá lórí ẹkù kí ènìyàn tó lè jẹ iṣu sísun kan tán. Ọ̀nà náà dára, gbogbo mọ́tò tó ń wọ abúlé wa lónìí, orí rẹ̀ ló ń gbà. Mo gbẹ́ ọpọ́n tí yóò rọ́pò ọkọ̀ náà fún ìyá, oṣù méjì ni mo fi gbẹ́ ẹ. Kò sí agbẹ́gilére tó lè gbẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò jò rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi parí rẹ̀, ìgbà ẹyìn ti kọjá. Adẹ́mu ló wá bá a pààrọ̀ ewé orí ilé, ó sì ṣe é dé ìdajì.

Ohun tó ṣòfò nìyí, bí mo ti kà á lójú ara mi: ọkọ̀ kan. Ìkòkò ńlá méjì. Igi ọsàn kan. Òkìtì ẹyìn mẹ́fà. Ọjọ́ mẹ́ta tó kù nínú ọ̀sẹ̀ ìyá. Páànù ilé kan, tí kò dé títí òjò ọdún méjì fi rọ̀ tán.