Àdìjátù Ọlọ́pẹ́ àti Àwọn Tó Dá Rìn

Bí o bá ṣe Àdìjátù lóore ní Àgọ́-Àyìn, tètè múra sílẹ̀, nítorí ọpẹ́ ń bọ̀. Fún un ní iná lásán, á dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, ní ọjọ́ kejì, kí o tó fọ ẹnu, á ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ: "Ẹ ṣé àná o." Bí ẹ bá tún pàdé lọ́nà odò, á tún kúnlẹ̀. Òrí ló ń ṣe tà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òrí tó ń fi pa eékún ju èyí tó ń tà lọ. Kò kà wọ́n sí. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́," ni yóò sọ fún wọn, "bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni."

Ìgbà ìjọba alágbádá ni wọ́n gbé Sájẹ́ǹtì Olúsọjí wá sí ìlú náà. Ọlọ́pàá yìí fẹ́ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ gan-an, àfi pé ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gba ìtẹ̀ba. Ó gba oko ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, kò sì pẹ́ tí ọ̀ràn kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin ìlú. Bí àgbẹ̀ bá ń lọ sóko láàárọ̀, ọlọ́pàá á yọ sí i, á jágbe mọ́ ọn pé, "Wándárìn!" Ó di àhámọ́. Láti àhámọ́, ó di oko sájẹ́ǹtì. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé àsìkò ebè kíkọ ni ọ̀ràn yìí máa ń gbilẹ̀ jù. Bí ebè ọ̀gá bá ti tán, gbogbo ọkùnrin ìlú á di ènìyàn rere, kò ní sí ẹni tí yóò dá ọ̀ràn mọ́ títí koríko yóò fi hù.

Ará ìlú kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí etí wọn gbọ́ ni "Wọ́n dá rìn." Wọ́n gbà pé ìjọba ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá rìn mọ́, àwọn kan tilẹ̀ ń yin ìjọba, wọ́n ní bóyá ó ń bẹ̀rù ejò fún àwọn ni. Kálukú bá ń wá ẹnìkejì kó tó jáde. Ẹni tí inú ń run pàápàá á kọ́kọ́ pe aládùúgbò kó tó wọ ìgbẹ́.

Ẹ má rò pé ìlú kò ní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọlọ́pàá o. Ó ní in. Ìjọba ló ní kí wọ́n yàn án, kí ẹni tí ọlọ́pàá bá fìyà jẹ lè rí ibi sọ ọ́ sí. Alàájì Ládòkun ni alága. Wọ́n sì ń bójú tó sájẹ́ǹtì lóòótọ́: bó bá ń jẹ iyán, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa wò ó, wọ́n á sì máa bá a jẹ ẹ́.

Nígbà tí òjò ọdún kan ku díẹ̀ kó dá, wọ́n mú Yẹ̀kínì, ọkọ Àdìjátù. Wọ́n mú Jímọ̀ télọ̀ mọ́ ọn, ẹni tí kò ní oko kankan, tó kàn ń sìn ín lọ kó má bàa dá rìn. Jìnnìjìnnì bo Àdìjátù. Ilẹ̀ ọ̀dàn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí òjò bá dá, ilẹ̀ á le gbagidi. Ẹni tí kò bá tíì kọ ebè, kó lọ máa ra iṣu jẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Yẹ̀kínì kò sì tíì kọ ìdajì. Obìnrin náà sáré lọ bá alága.

"Ẹ gbà mí, Bàbá. Bàbá Ràsáàkì kò dá rìn. Òun àti Jímọ̀ ni wọ́n jọ ń lọ."

Alàájì Ládòkun mi orí bí adájọ́. "Wọ́n jọ ń lọ. Ṣé ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà, àbí ọ̀kan ló ṣíwájú?"

"Ọ̀nà oko kò gba èèyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Bàbá. Bàbá Ràsáàkì ló ṣíwájú."

"Háà! Èyí tó ṣíwájú dá rìn, èyí tó wà lẹ́yìn náà dá rìn. Máa lọ sílé, ìyàwó. Òfin ò mojú ẹnikẹ́ni."

Àdìjátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó délé, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ìròyìn dé pé ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ó fẹ́ gbọ́ tẹnu ará ìlú. Ìgbìmọ̀ pe ìpàdé kíákíá, wọ́n sì rán akéde jáde: ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kó wá, ẹni tó bá ní ẹ̀sùn, kó ṣe sùúrù títí àlejò yóò fi lọ. Wọ́n ní ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Ó jọ pé wọ́n gbàgbé ẹni tí àwọn àti òun jọ ń gbé ìlú.

Lọ́jọ́ náà, níwájú ilé Baálẹ̀, Alàájì Ládòkun yin sájẹ́ǹtì títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bèèrè bóyá ẹlòmíràn fẹ́ dúpẹ́. Àdìjátù dìde. Inú alága dùn. Ta ni kò mọ Àdìjátù mọ́ ọpẹ́? Obìnrin náà lọ kúnlẹ̀ síwájú Sájẹ́ǹtì Olúsọjí.

"Ẹ ṣé o, ọ̀gá wa. Ẹ kú ìtọ́jú ọkọ mi. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbà á sọ́dọ̀, kò dá rìn mọ́. Ọlọ́pàá oníbọn ló ń sìn ín lọ sí oko yín láràárọ̀. Ẹ ṣé tí ẹ kọ́ ọ níṣẹ́. Wọ́n ní ebè tó ń kọ fún yín tóbi ju èyí tó ń kọ fún wa nílé lọ. Ẹ ṣé tí ẹ kò jẹ́ kí oúnjẹ yín bà á nínú jẹ́, tèmi tí mò ń gbé wá nìkan lẹ ń jẹ́ kó jẹ. Ọlọ́run á san án fún yín."

Àbíkẹ́, ìyàwó Jímọ̀, ti kúnlẹ̀ tì í kí alága tó rí ọ̀rọ̀ sọ. "Èmi náà dúpẹ́, sà. Télọ̀ tí kò di ọkọ́ mú rí, ẹ ti sọ ọ́ di àgbẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ti bó, kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Ẹ ṣé gan-an ni."

Àwọn obìnrin yòókù bá bẹ̀rẹ̀ sí dìde. Ọ̀gá Ìbàdàn tó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tẹ́lẹ̀ pa ẹnu dé.

"Oko wo ni wọ́n ń sọ?" ló bèèrè.

"Ọpẹ́ ni, sà," Alàájì Ládòkun dáhùn. "Ọpẹ́ lásán ni."

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ wo oore tí wọ́n ń dúpẹ́ rẹ̀."

Gbogbo ìlú tẹ̀ lé wọn. Ní oko sájẹ́ǹtì, wọ́n bá Yẹ̀kínì àti Jímọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin mìíràn tí wọ́n tẹ̀ ba mọ́ ebè, ọlọ́pàá kan sì jókòó lábẹ́ igi pẹ̀lú ìbọn. Ọ̀gá bi Yẹ̀kínì léèrè ohun tó ṣe.

Yẹ̀kínì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ebè. "Wọ́n ní mo dá rìn, sà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò dá rìn. Ẹ bi Jímọ̀."

Ọ̀gá wò ó títí kó tó yé e. Ó wá ṣàlàyé pé kò sí òfin kankan tó ní kí ènìyàn má dá rìn. Ẹni tó ń rìn kiri láìnídìí ni gẹ̀ẹ́sì "wándárìn" yẹn ń bá wí, ẹni tó gbé ọkọ́ lọ sóko rẹ̀ kọ́. Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Yẹ̀kínì kò rẹ́rìn-ín. Ojú tì í, ó ń wo ilẹ̀, Àdìjátù sì rí i, èyí sì dùn ún ju àhámọ́ ọkọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá gbé sájẹ́ǹtì sínú mọ́tò rẹ̀ lọ. A kò mọ ibi tí wọ́n gbé e sí; kí Ọlọ́run gba àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Alàájì Ládòkun, tó ti ń sọ káàkiri pé ìgbìmọ̀ òun ló lé sájẹ́ǹtì, wá sílé Àdìjátù. Ó fẹ́ kó ṣáájú àwọn tí yóò ru iṣu lọ dúpẹ́ ní Ìbàdàn. "Ta ló mọ ọpẹ́ dá tó ọ?" ló wí.

Àdìjátù ń kó ọkọ́ méjì jáde, tirẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀. "Mi ò lọ, Bàbá."

"O ò lọ? Ìwọ?"

"Oore là ń dúpẹ́ fún. Ọkọ mi ni wọ́n dá padà fún mi. Ṣé ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ gbé ló tún máa ru iṣu?"

Tọkọtaya náà lọ sóko, ṣùgbọ́n òjò ti dá, ilẹ̀ sì ti le. Wọ́n kọ ìwọ̀n tí apá wọn ká. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ra iṣu jẹ.

Baálẹ̀ fi Àdìjátù sínú ìgbìmọ̀ náà. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, ó di àgọ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì tuntun jẹ́ ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Á gbé àga fún un, á tẹ̀ ba. "Ẹ ṣeun, Ìyá Ràsáàkì. Ẹ kú àmójútó wa. A dúpẹ́, a tún ọpẹ́ dá."

"Ẹ fi ọpẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá," ni Àdìjátù yóò wí. "Ẹ ṣílẹ̀kùn àhámọ́ kí n wo inú."