Gbogbo Wọn Dé Lọ́jọ́ Kan Náà

Mo rántí ìgbà tí mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn ojú kan ní Òmù-Àrán, tí mo gbà pé kò sóhun tí kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn dókítà máa ń wá láti Ìlọrin wá yọ nǹkan funfun tó bo ẹyinjú àwọn arúgbó. Wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó padà lọ, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Ìyá àgbà tó bí ìyá mi, tó ń gbé ní Èsìẹ́, wà lára àwọn tó ń retí wọn. Kò rí ojú mi mọ́. Ohùn ló fi ń dá mi mọ̀.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ni ọ̀gá mi ní kí n kó orúkọ gbogbo wọn kúrò nínú dátábéèsì àtijọ́ bọ́ sínú tuntun. Kọ́lọ́ọ̀mù kan wà nínú wọn tó ń fúnra rẹ̀ kọ àkókò tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wọlé. Orúkọ ni mo kó, mo fi àkókò sílẹ̀, mo ṣe bí tuntun náà yóò kọ ọ́. Ó sì kọ ọ́ lóòótọ́: lójú tirẹ̀, ọjọ́ tí mo kó wọn wọlé ni gbogbo wọn dé, bó ṣe wù ú ló sì tò wọ́n, ó fi Ìyá àgbà sókè pátápátá. Ta ni yóò gbà pé kì í ṣe èmi ni mo gbé e síbẹ̀?

Mo sáré padà sínú àtijọ́, ibẹ̀ ni orí mi ti dàrú. Tọ̀hún ń yí àkókò padà nígbàkigbà tí a bá tún ohunkóhun ṣe lára orúkọ kan, ì báà ṣe nọ́ńbà fóònù lásán. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo tún nọ́ńbà Ìyá àgbà ṣe, ló bá di ẹni tó dé kẹ́yìn. Mo jókòó, mo ń wo méjèèjì bí ẹni tó ṣìnà lọ sóko ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà kò bá mi wí. Ó ní ẹni a bá lábà ni baba, ó bọ́ síta, ó ń bi àwọn tó ti jókòó de àwọn dókítà lọ́kọ̀ọ̀kan pé, “Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá forúkọ sílẹ̀, ta lẹ bá níbẹ̀?” Wọ́n ń dáhùn, wọ́n ń rán ara wọn létí. Nígbà tó kan Ìyá àgbà, mo ń gbàdúrà kó ní òun ò bá ẹnì kankan.

“Mo bá bàbá káfíńtà Ìsánlú-Ìsin,” ó ní, “àti ìyá tíṣà, àti àwọn ará Àjàṣẹ́. Wọ́n pọ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo sọ ọ́ sí i létí. “Ìyá, kọ̀ǹpútà ní ẹ̀yin lẹ ṣáájú.”

“Ṣé kọ̀ǹpútà ló kí wọn ni, àbí èmi?”

Àwọn dókítà padà sí Ìlọrin kó tó kàn án, kí wọ́n sì tó tún dé, ó ti dágbére fáyé. Lónìí, bí mo bá ń kó dátà, àkókò ni mo máa ń kọ́kọ́ kó. Ṣùgbọ́n n ò tíì mọ̀ bóyá mo ń fi ìdáhùn rẹ̀ yangàn ni, tàbí ó ṣì ń dùn mí. Ìgbà ìkẹyìn tí mo lọ kí i kó tó kú, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbàgbé láti sọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè sí mi, ó ní, “Ta nìyẹn?”