Àǹtí Mi Lórí Ọ̀sà

Tí mo bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, àbúrò ìyá mi ni mo máa ń rántí. Nọ́ọ̀sì ni, òdìkejì ọ̀sà Àgbádárìgì sì ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọ̀sà yìí kan náà ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Ẹbí ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ní ọwọ́ òun lòun máa fi tún ọ̀la òun ṣe. Ṣùgbọ́n kó tó wọkọ̀, á dijú ní èbúté, ètè rẹ̀ á máa gbọ̀n.

“Ṣé ẹ̀ ń gbàdúrà ni?” ni mo bi í lọ́jọ́ tí mo sìn ín lọ.

“Mo ti gbàdúrà nílé. Mò ń wo ara mi bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì ni.” Ó so okùn jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó rẹ̀ pinpin, ó so tèmi náà. “Àmọ́ ojú inú kì í lúwẹ̀ẹ́.”

Láàárín ọ̀sà, ìjì dé, ẹ́ńjìnnì kú, omi ń rọ́ wọnú ọkọ̀. Àǹtí dì mí lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ tirẹ̀ tutù ju omi lọ.

“Ṣé o rí èbúté?”

“N ò rí nǹkan kan, Àǹtí!”

“Èmi rí i. Gba abọ́ yìí, máa gbọ́n omi.”

Bó ti ń gbọ̀n ló ń gbọ́n omi, títí ẹ́ńjìnnì fi jí. Bí a ti gúnlẹ̀, ó bì, ó nu ẹnu, ó yíjú sí ọlọ́kọ̀.

“Aago mélòó lẹ máa gbé wa padà?”