Ẹnjiníà Ilẹ̀ Mímì Nílùú Tí Ilẹ̀ Kì Í Mì

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ọ̀run, èyí tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí pé kí n kọ́ ni mo lọ kọ́. Àkúrẹ́ ni mo ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ẹnjiníà ilé àti afárá, ibẹ̀ náà ni mo sì padà sí fún oyè kejì. Àwọn ẹgbẹ́ mi mú ọ̀rọ̀ títì, wọ́n mú ọ̀rọ̀ omi, wọ́n mú ọ̀rọ̀ kọnkéré. Èmi pẹ́ dé ọ́fíìsì ọ̀gá wa lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín iṣẹ́ ìwádìí, torí pé mo dúró de àkàrà gbígbóná lẹ́nu géètì. Èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́: ohun tí ojú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa máa rí bí ilẹ̀ bá mì tìtì. Ọ̀gá wa ní iṣẹ́ ọjọ́ iwájú ni. Mo ní ẹ ṣeun, sà. Òróró àkàrà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Kò pẹ́ rárá tí mo fi di ọ̀mọ̀ràn. Mi ò lè wọ ilé onílé mọ́ kí n má wo òkè àjà. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú mi, ògiri ni mo máa kọ́kọ́ fi ìka kàn, kí n tó bu òkèlè. Ní Ọ̀bà-Ilé tí mo gba yàrá sí, mo sọ fún ìyá onílé mi, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé, pé òpó iwájú ilé wọn tẹ́ẹ́rẹ́ jù, pé bí ilẹ̀ bá mì, òun ni yóò kọ́kọ́ lọ. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ulẹ̀ a mì kẹ̀? Ulẹ̀ Àkúrẹ́ yìí? Kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ o! Ọmọ tí mo fún ní yàrá, ṣé ulé mi lo fẹ́ wó ni?"

Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á rọra fọwọ́ pa òpó náà lára, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì ló burú jù. Kọ̀mpútà mi ò gbà láti parí ìṣirò kan, mo sì dìde lọ́jọ́ àdúrà pé kí ìjọ bá mi gbé ìwádìí mi lórí ìmìtìtì ilẹ̀ síwájú Ọlọ́run. Ìyá tó ń darí àdúrà ò dúró gbọ́ ìyókù. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dìde. "Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí ilẹ̀ Àkúrẹ́ lè mì, Olúwa, tú iṣẹ́ rẹ̀ ká!" Ṣọ́ọ̀ṣì dún gbì fún Àmín. Èmi náà ṣe Àmín, mo tiẹ̀ gbọn orí sí i, kí n tó rántí pé èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí. Kọ̀mpútà náà kú pátápátá lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò sọ pé àdúrà ló pa á o. Mo kàn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Oníṣègùn tí kò ní aláìsàn ni mo jẹ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin pè mí láti Oǹdó. Dádì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ní Màmá, ìyá tó bí wọn, tó bí ìyá mi, ti tún dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, pé ẹnjiníà ló lè yanjú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò béèrè ọ̀rọ̀ kí ni. Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo kó tépù àti hámà sínú àpò, mo wọ mọ́tò Oǹdó. Mo tiẹ̀ dé fìlà onírin àwọn oníṣẹ́ ilé nínú mọ́tò.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú ni ilé bàbá ìyá mi. Màmá nìkan ló kù tó ń gbé inú rẹ̀, òkè ni yàrá wọn sì wà. Bàbá àgbà wà nísàlẹ̀, nínú pálọ̀, lábẹ́ táìlì, níbi tí wọ́n sin wọ́n sí. Àga yí ibẹ̀ ká. Bí àlejò bá dé, ẹ̀gbẹ́ wọn náà ló ń jókòó sí. Ọ̀rọ̀ tí Màmá dá sílẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ àwọn ni kí wọ́n sin àwọn sí, kì í ṣe itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Àyè kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, ẹsẹ̀ ògiri àárín tó gbé òkè ilé dúró ló sì bọ́ sí. Ògiri ọ̀hún ti là látìgbà tí wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ fún Bàbá. Àwọn ọmọ fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè gba ihò kejì. Màmá ò ṣàìsàn kankan o. Iṣu ni wọ́n ń bẹ nínú pálọ̀ nígbà tí mo wọlé, wọ́n sì bi mí bóyá fìlà orí mi kì í gbóná.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tìlù tìfọn. Fóònù mi ní nǹkan kan tó ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń mì. Mo gbé e lé orí pákó yàrá òkè, mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fò sókè." Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin Áńgílíkà ni Dádì, wọn ò sì kéré lára. Wọ́n fò. Mo ní kí wọ́n tún fò, kó máa bọ́ sí déédéé. Pákó ń ké, eruku ń dà, ni ìyá aládùúgbò kan bá yọjú lórí àtẹ̀gùn, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ní òun ò mọ̀ pé àwọn Áńgílíkà náà ti ń gba Ẹ̀mí báyìí.

A sọ̀ kalẹ̀ padà sí pálọ̀, mo sì da òyìnbó bolẹ̀. Mi ò fi ọ̀rọ̀ ńlá kankan sílẹ̀. Nígbà tí mo mí, Dádì yíjú sí ìyá wọn.

"Màmá, ó ní kò ṣeé ṣe. Ó ní tí wọ́n bá gbẹ́lẹ̀ síbẹ̀, ògiri á wó, òkè á sì tẹ̀ lé e."

Mo dúró kí wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Bí Màmá bá ń ṣeré, Oǹdó ni wọ́n máa ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn wọ́n, wọ́n á padà sí Yorùbá inú ìwé tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ti inú ìwé ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Ta ni yóò wó lù?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Òkè lẹ ń gbé."

"Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin mí, ṣé òkè ni n ó wà?"

Mo gbójú sókè wo àjà, Màmá sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

"Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ yìí ti kọ́lé tirẹ̀ sí ọ̀nà Àkúrẹ́. Ìyá rẹ ò ní fi Ìbàdàn sílẹ̀. Ìwọ náà, wọ́n ní ò ń wá ọ̀nà àtilọ sí ibi tí ilẹ̀ ti ń mì dáadáa. Ta ni ò ń tọ́jú ilé yìí dè, ọmọ mi?"

Òótọ́ ni. Mo ti ń wá àyè sí ilẹ̀ Japan. Ojú tì mí gan-an. Gbogbo ohun tó wúwo nínú ilé náà ni mo ti kà sínú ìṣirò, látorí ògiri dórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá nìkan ni mi ò kà. Mo sì ti fi ẹnu ara mi sọ fún obìnrin kan pé kò sí àyè fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.

Mo bọ́ fìlà onírin náà sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sídìí ògiri, mo tún ibẹ̀ wò. Tí wọ́n bá fi ọparun ti òkè ilé tọ̀tún tòsì, bí àwọn bíríkìlà ṣe ń ti dẹ́kì, tí wọn ò sì gbẹ́ ihò náà lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ló kọjú sí i, ó lè gbà. Ṣùgbọ́n Màmá ò ní sùn ní ìbú kan náà pẹ̀lú Bàbá. Ẹsẹ̀ wọn ló máa kan ìhà Bàbá.

Màmá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Yorùbá inú ìwé náà ni wọ́n ṣì ń sọ. "Kò burú. Látìgbà tí a ti fẹ́ra ni mo ti ń fẹsẹ̀ ta á."

Àyè náà ò fẹ̀, kò gba àṣìṣe. Mo ní mo gbọ́dọ̀ mọ gígùn ihò náà gan-an. Dádì ní kí n lo ti àgbàlagbà. Mo ní àgbàlagbà wo? Màmá bọ́ bàtà, wọ́n dìde, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri tó là náà, wọ́n nà ró.

"Gbé tépù rẹ wá."

"Èèwọ̀!" Dádì ti fò dìde. "Màmá, ká má rí i! A kì í wọn alààyè!"

"Tí mo bá kú tán, àfojúdá lẹ máa fi wọ̀n mí, ẹ ó sì ká ẹsẹ̀ mi kò. Wọ̀n mí, jàre. Kó o sì fi ti gèlè kún un."

Mo fi ẹnu tépù sí gìgísẹ̀ wọn, mo fà á gòkè gba orúnkún, gba ìbàdí, gba èjìká tó ti rọ̀, títí dé àárín orí. Wọ́n ń mí sí mi lọ́rùn. Gbogbo ìmìtìtì ilẹ̀ tí mo ti ń kọ́, ó lè má dé Oǹdó láéláé. Èyí tí mo ń wọn ihò dè yìí ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kó dé, mi ò fẹ́ kó dé rárá, ọwọ́ mi ló sì wà lórí rẹ̀ yìí. Mo wo nọ́ńbà orí tépù, omi ojú ò jẹ́ kí n rí i. Dádì tó ń pariwo èèwọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi, tó bá mi kà á.